Omi Ọsàn Wẹ́wẹ́ àti Awakọ̀ Òkè-Àgbọ̀nyín

Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni ìlú Òkè-Àgbọ̀nyín ní. Ẹgbẹ́ ìlú ló rà á, torí pé orí òkè ni ìlú wà, ilé ìwé girama sì wà ní ìsàlẹ̀, ní Odò-Ìṣin, máìlì mẹ́rin síra wọn. Láràárọ̀, bọ́ọ̀sì náà a kó àwọn ọmọ ilé ìwé sọ̀kalẹ̀. Lọ́sàn-án, a tún kó wọn gòkè. Ẹni tó ń wà á ni Fadérera, ìyàwó Tíṣà Ọlátẹ́jú. Bàbá rẹ̀, tó wa ọkọ̀ agégẹdú títí ó fi kú, ló kọ́ ọ níṣẹ́. Kò sí obìnrin tó jókòó sídìí ọkọ̀ akérò ní agbègbè náà ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, àwọn kan kùn. Ọdún mẹ́ta kọjá, kò fi ọkọ̀ gbá igi, kò fi gbá èèyàn. Wọ́n dákẹ́.

Ní ìparí oṣù Keje ọdún kẹrin, Fadérera rọbí fún ọjọ́ méjì, ọmọ kò wá. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, àwọn dókítà sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n gba ọmọkùnrin kan jáde láàyè. Òun ni aboyún àkọ́kọ́ ní ìlú náà tí wọ́n la ikùn rẹ̀ kí ó tó bímọ. Lọ́jọ́ tó ń padà sílé, nọ́ọ̀sì àgbà wá jókòó tì í.

“Mo gbọ́ pé awakọ̀ ni ọ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Má tíì fọwọ́ kan ọkọ̀ o, títí dókítà yóò fi rí ọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí ó bá sì tó àkókò, jókòó nínú ọkọ̀ tó dúró, kí o tẹ búréèkì bí ìgbà tí ọmọdé bá já lu ọ̀nà níwájú rẹ. Fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́. Bí inú rẹ bá fà ọ́, sọ̀kalẹ̀, kí o máa lọ sílé.”

Fadérera dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí nọ́ọ̀sì kò mọ̀. Òfin ẹgbẹ́ ìlú ni pé ẹni tó bá wa bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ tí ilé ìwé bá wọlé ni yóò máa wà á títí ọdún yóò fi yí po. Ọjọ́ Ajé ni ilé ìwé yóò wọlé. Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni dókítà ní kó wá. Ọjọ́ méjì péré ló wà láàárín wọn. Múfútáù, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá a di ọkọ̀ mú nígbà ìsinmi, mọ ọkọ̀ wà dáadáa, àwọn tó kùn lọ́jọ́sí sì ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọkùnrin ló yẹ iṣẹ́ náà. Ó dá Fadérera lójú pé bí àga awakọ̀ yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ òun fún ọdún kan, kò ní í padà sọ́wọ́ òun mọ́.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀. Ọmọ ilé olóolà ni ìyá yìí. Bàbá rẹ̀ kọ ilà fún ìlú mẹ́fà, ó sì dá abẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin, àṣà kan sì wà nílé wọn tí wọ́n fi ń mọ egbò tó ti jinná. Wọn a fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ojú egbò náà. Bí oníegbò bá ké, kò tíì jinná. Bí kò bá mira, wọ́n á ní kó máa lọ sóko. Ní ogójì ọjọ́ géérégé, tí í ṣe ọjọ́ Ìsinmi, ìyá náà gé ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́ta sínú abọ́, ó wọ yàrá lọ.

“Dùbúlẹ̀, ìyàwó mi. Jẹ́ kí n wo iṣẹ́ àwọn dókítà yín.”

Tíṣà Ọlátẹ́jú gbọ́ láti pálọ̀. “Màmá, ilà ojú kọ́ lèyí o. Ikùn ni wọ́n là.”

“Ẹ gbọ́ ọ bí! Ẹni tí mo wo ìdodo rẹ̀ jinná ló fẹ́ kọ́ mi ní egbò. Ọlátẹ́jú, ìwé ni kí o máa kọ́ èèyàn.”

Fadérera rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ di ikùn mú bó ṣe ń rín in. Ìyá kò rí i. Ó fún omi ọsàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ojú àpá dé òpin rẹ̀, ó ń wo ojú ìyàwó rẹ̀.

“Ó ta ọ́?”

“Kò ta mí, Màmá. Ó kàn tutù ni.”

“Ó parí! Ó ti jinná. Ọ̀la, máa gbé ọkọ̀ rẹ.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Fadérera nìkan lọ sí ibi tí wọ́n gbé bọ́ọ̀sì sí. Ó jókòó, ó rántí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, ó sì fi gbogbo agbára tẹ búréèkì. Ohun kan fà á nísàlẹ̀ ikùn bí ìgbà tí èèyàn bá ń fún aṣọ tútù. Ó jókòó fún ìgbà díẹ̀ kí èémí rẹ̀ tó rọlẹ̀. Ó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó rọra tẹ̀ ẹ́, kò sì dùn ún. Ó mú ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ bi í bí ó ti rí, ó ní, “Ó dára.”

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Múfútáù ti nu bọ́ọ̀sì dè é.

“Ìyá Ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ. Mo ní kí wọ́n tún búréèkì rẹ̀ ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti le dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ ò ṣe jẹ́ kí n bá yín wà á di Ọjọ́bọ̀? Bí ẹ ṣe ń rìn yìí, bí ẹni tó di ẹyin sínú ìró ni.”

“Kí o lè wà á di àmọ́dún, àbí? Múfú, gbé kọ́kọ́rọ́ mi wá.”

Múfútáù rẹ́rìn-ín, ó gbé e fún un.

Ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà nínú ọkọ̀ nígbà tó gbéra. Ó wà á dáadáa. Àwọn tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà juwọ́ sí i. Nígbà tó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lókè afárá, Bàbá Fátókun, adẹ́mu, ti ojú ọ̀nà oko yọ, ó ń ti kẹ̀kẹ́ tó so akèrègbè ẹmu mọ́. Fadérera rí i dáadáa. Àyè wà tí ọkọ̀ lè fi dúró. Ó tẹ búréèkì, bọ́ọ̀sì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Nígbà náà ni inú rẹ̀ fà á bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà lẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ká kúrò lórí búréèkì fúnra rẹ̀. Kó tó lè tún un gbé síbẹ̀, ọkọ̀ ti sáré. Ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ òkè. Imú ọkọ̀ gbá kẹ̀kẹ́, ó gbá bàbá náà, kí ó tó lọ fara ti ògiri ilẹ̀ pupa, tó sì dúró.

Àwọn ọmọ fara bó, eyín ọmọbìnrin kan yọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá Fátókun kán sí ọ̀nà méjì.

Kó tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti gba ìlú kan, pé Múfútáù ló ba búréèkì jẹ́ torí pé ó fẹ́ gba iṣẹ́ Fadérera. Ta ló tún fọwọ́ kan búréèkì? Òun kọ́ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ láàárọ̀ létí àwọn ọmọ ilé ìwé? Àwọn ọ̀dọ́ ya lọ sílé rẹ̀, wọ́n fọ́ ìlẹ̀kùn, wọ́n da ẹrù ìyá rẹ̀ síta. Olóyè Adékambi, alága ẹgbẹ́ ìlú, ló yọ ọ́ lọ́wọ́ wọn, ó mú un wá sí gbọ̀ngàn ìlú, gbogbo èèyàn sì tẹ̀ lé e. Etí Múfútáù ń ṣẹ̀jẹ̀.

Mẹkáníìkì tó tún búréèkì náà ṣe sọ pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò ní àbùkù. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Ọ̀rẹ́ ẹ ni! Wọ́n jọ ń mu sìgá ni!” Gbọ̀ngàn tún gbóná.

Alága yí sí Fadérera, tó jókòó níwájú, tó gbé ọmọ sẹ́sẹ̀. “Ìyàwó Tíṣà, ìwọ lo wà nídìí ọkọ̀. O tẹ búréèkì, kò mú. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?”

Bí ó bá kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó tó. Kò sí ẹni tí yóò bi í ní ìbéèrè kejì. Àga rẹ̀ yóò wà fún un, orúkọ rẹ̀ yóò sì mọ́. Ó wo Múfútáù. Múfútáù kò wo ojú rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò.

“Búréèkì mú, bàbá,” ni Fadérera wí. “Ẹsẹ̀ mi ni kò dúró lórí rẹ̀. Inú mi fà mí, mo sì ká a kúrò. Ó ti fà mí bẹ́ẹ̀ lánàá nígbà tí mo dán an wò, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún mi. Ọmọkùnrin yìí ò ṣe nǹkan kan. Ó tilẹ̀ ní kí n jẹ́ kí òun wà á.”

Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé, obìnrin kan sì ní, “Òun náà ló fẹ́ pa wá lọ́mọ.” Ìgbà náà ni ìyá ọkọ rẹ̀ dìde. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó dì í mọ́ ìbàdí, ó sì kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí i ṣe rí.

“Ẹ má dá a lẹ́bi lóun nìkan. Èmi ọmọ olóolà ni mo ní kó máa lọ. Mo fún omi ọsàn sí i lójú egbò, kò mira, ni mo bá ní ó ti jinná. Awọ ni mo bi léèrè, awọ sì dá mi lóhùn. Mi ò bi ẹran.”

Alága fúnra rẹ̀ ló gbé e dìde.

Lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n gba àga lọ́wọ́ Fadérera, wọ́n gbé e fún Múfútáù. Àwọn ọ̀dọ́ tó fọ́ ìlẹ̀kùn rẹ̀ ló tún un kàn. Lọ́jọ́rú, dókítà sọ fún Fadérera pé yóò tó oṣù mẹ́ta sí i kí ó tó lè wa ọkọ̀. Bàbá Fátókun dìde rìn lẹ́yìn oṣù márùn-ún, pẹ̀lú ọ̀pá, ṣùgbọ́n kò gun ọ̀pẹ mọ́ títí ó fi kú. Tíṣà Ọlátẹ́jú àti ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Ìyá ọkọ Fadérera kò sì tún fún omi ọsàn sí egbò ẹnikẹ́ni mọ́.

Gbólóhùn tí ìyá náà sọ lórí ìkúnlẹ̀ kò parí sí gbọ̀ngàn yẹn. Ó ti orí òkè sọ̀kalẹ̀ dé Odò-Ìṣin, ó dé ẹnu àwọn tí kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Títí di òní, bí ẹni tó ń ti àìsàn tàbí ọ̀fọ̀ bọ̀ bá sáré dìde pé ó ti tán, tí àwọn ará ilé sì ń yin ìrísí rẹ̀, àgbà tó bá wà níjòkòó yóò rọra sọ pé: Bí awọ bá ní òun ti jinná, ẹ bi ẹran léèrè.