Òkété àti Lùmíwò, Ọkọ̀ Tí Kì Í Fọ́

Ebi ń pa Òkété. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ sún síwájú, n ò fẹ́ pariwo.

Ó jẹ́ àkókò tí iṣu ọdún tó kọjá ń tán lọ nínú àká, tí wọn kò sì tíì gbin tuntun. Gbogbo ẹranko ló ń ṣọ́ èyí tó kù jẹ. Òkété nìkan ni kò ní ohun tí yóò ṣọ́ jẹ, nítorí nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ ebè lọ́dún tó kọjá, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ẹ̀yìn ọ̀hún kì í dùn ún tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ ṣá o.

Ó wá rí nǹkan he létí oko àwọn ènìyàn. Ọmọ kan tó wá kí bàbá àgbà rẹ̀ ló gbàgbé e síbẹ̀: ọkọ̀ kékeré onírìmóòtù, tí táyà rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, bí ọmọ tó wọ bàtà bàbá rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí búrọ́ọ̀ṣì, ìyẹn èédú kékeré tó ń gbé iná wọ inú rẹ̀, ń ha nínú títí yóò fi jẹ tán. Eléyìí kò ní búrọ́ọ̀ṣì rárá, agbára rẹ̀ sì pọ̀ débi pé, bí Òkété ṣe tẹ rìmóòtù báyìí, ọkọ̀ fò kọjá lórí ọ̀gán, ó forí sọlẹ̀, ó yí gbirigbiri, ó tún dìde. Òkété yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí ibi tó fọ́. Ó wá yẹ ilẹ̀ tó já sí wò. Ẹrẹ̀ ni.

"Háà," ló sọ fún ara rẹ̀, "oúnjẹ dé."

Ó sọ ọkọ̀ náà ní Lùmíwò, ó gbé e lọ sí ìta gbangba níbi tí àwọn ẹranko ti ń gba atẹ́gùn nírọ̀lẹ́.

"Ẹ̀yin alágbára, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o! Ẹni tó bá lè fọ́ Lùmíwò, n ó sìn ín títí di ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tí kò bá rí i fọ́, kó kó iṣu ilé rẹ̀ fún mi. Òfin kan ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ó yan bí ẹ ṣe fẹ́ ṣe é, èmi ni n ó yan ilẹ̀ tí a ó ti ṣe é. Àbí ta ló ń tẹ́ ẹní fọ́mọ, ṣé kì í ṣe ẹni tó lọ́mọ ni?"

Àwọn àgbà mi orí, wọ́n ní òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ tó bá ti dún bí òwe, ó máa ń ṣòro fún àgbà láti jiyàn.

Bàbá Erin ló kọ́kọ́ dìde. "Ìwọ Òkété, ohun tí mo lè fi èékánná tẹ̀ pa yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Báwo lẹ ṣe fẹ́ lù ú?"

"Ẹsẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sí àbàtà."

Erin gbé ẹsẹ̀ sókè, ó gbé e sọlẹ̀. Ilẹ̀ mì tìtì, ẹyẹ fò kúrò lórí igi títí dé ìlú kejì, aboyún ẹkùn kan sì bímọ láìtọ́jọ́. Lùmíwò rì sínú ẹrẹ̀, a ò rí i mọ́. Òkété rọra tẹ rìmóòtù. Ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ọkọ̀ fò jáde, ó da ẹrẹ̀ sí Erin lójú. Ni Òkété bá bú sórin:

"Lùmíwò, wọ́n mà lù ọ́ o!
Wọ́n lù mí, n ò gbọ́.
Erin tẹ̀ ọ́, ṣé ó dùn ọ́?
Ó kàn ń rìn mí ní gìgísẹ̀, n ò gbọ́!"

Báyìí ni iṣu Erin wọ inú ihò Òkété. Iṣu ọ̀hún pọ̀ débi pé ó ní láti gbẹ́ yàrá mìíràn fún un.

Ẹfọ̀n ní ìwo lòun ó fi sọ ọ́ sókè. Òkété mú un lọ sábẹ́ igi àràbà kan tí ewé gbígbẹ ti ga dé àyà níbẹ̀. Ẹfọ̀n sọ ọkọ̀ sókè, àwọn òǹwòran sì lọ sílé, wọ́n mu ẹ̀kọ, wọ́n padà wá kó tó já bọ́. Ó bọ́ sórí ewé, fúù! Orin tún bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ ni wọ́n ń pàdánù, tí ẹkún àwọn ọmọ fi gba inú igbó. Inú mi kì í dùn tí mo bá dé ibí yìí. Òkété ń sanra, àwọn aládùúgbò rẹ̀ ń fi okùn dì sókòtò.

Ọkọ Ìyá Ọ̀yà náà ti lọ pàdánù oúnjẹ ilé wọn. Èbù nìkan ló kù, ìyẹn èyí tí wọ́n fẹ́ gbìn. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá pàdánù èbù, ebi ọdún méjì ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà? Ìyá Ọ̀yà gbé agbọ̀n èbù náà rù, ó bọ́ síta.

"Ìyá, ẹ má ṣe é!" ni gbogbo wọn ń pariwo.

"Òkété ọmọ mi," ó ní, "tí mo bá borí, wàá dá iṣu gbogbo ayé padà."

Òkété wo èbù, ó gbé itọ́ mì. "Mo gbà, ìyá. Báwo lẹ ṣe fẹ́ lù ú?"

"Èmi? Ibo ni n ó ti rí agbára? N ò ní lù ú. Kó ṣáà máa sáré ní gbogbo agbára rẹ̀, kó má dúró, títí n ó fi jẹ ìrèké yìí tán."

Òkété rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó wá ro ilẹ̀ tó rọ̀ jù lọ, nítorí ilẹ̀ rírọ̀ kò já a kulẹ̀ rí. "Pápá eèsún tó wà létí odò," ló wí. "Koríko ibẹ̀ rọ̀ ju tìmùtìmù lọ."

Ìyá Ọ̀yà dorí kodò kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Inú koríko ni wọ́n bí i sí.

Lùmíwò wọ inú eèsún, ṣáá! Kò pẹ́ tí koríko fi bẹ̀rẹ̀ sí í wé mọ́ ẹsẹ̀ táyà rẹ̀. Ó ń falẹ̀, Òkété ń tẹ rìmóòtù kíkankíkan. Koríko ń wé sí i, ẹ́ńjìnnì náà kò sì mọ̀ ju kó máa fi agbára yí lọ. Ìyá Ọ̀yà ń jẹ ìrèké rẹ̀, kò kánjú.

"Òkété, kí ló ń rú yẹn?"

"Ìkùukùu ni, ìyá."

"Ìkùukùu lọ́sàn-án gangan?"

Òkété sáré lọ bá ọkọ̀, ó gùn ún, ó fi ìrù bo ibi tí èéfín ti ń jáde. "Mo kàn ń fi gbafẹ́ ni!" ó ní. Ẹ́ńjìnnì ti gbóná bí irin alágbẹ̀dẹ. Ó ní kí òun mú un mọ́ra, ṣùgbọ́n omi ti bọ́ lójú rẹ̀, kó tó fò sókè tó lọgun "Yéè! Ẹ gbà mí o!" Lùmíwò dún kààà, eyín irin tó ń yí táyà nínú rẹ̀ fọ́, ó dákẹ́.

Ìyá Ọ̀yà tu ìrèké tó ti fa omi rẹ̀ tán nù. Ìyókù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé mo lù ú, ọmọ mi?"

"Ẹ ò lù ú, ìyá."

"Ṣé èmi ni mo yan ilẹ̀?"

Òkété ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìrù rẹ̀.

Ọjọ́ náà ni wọ́n kó iṣu kúrò nínú ihò rẹ̀, kálukú gba tirẹ̀, Òkété sì di alágbàro nínú oko Ìyá Ọ̀yà títí ọdún fi yí po. Ẹ̀fín nìwà, ẹ̀yin èèyàn mi, rírú ní í rú. Ẹni tó bá sì ń ṣòfin tí yóò fi rẹ́ ará yòókù jẹ, kó rántí pé òfin kò mojú ẹni tó ṣe é.

Tí ẹnikẹ́ni bá ní irọ́ ni mo pa, kó lọ wo ìrù òkété. Ìdajì rẹ̀ dúdú, ìdajì funfun. Ibi tó funfun yẹn ló fi bo èéfín.