Ìgbà Díẹ̀ Ìjàpá Nínú Ihò Òkété

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi lálẹ́ òní korò bí ewúro tí a kò fọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in báyìí. Ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo àti Òkété abiyamọ.

Ọmọ mẹ́rin ni Òkété bí. Ihò rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà méjì: ti iwájú tí wọ́n ń gbà wọlé, àti ti ẹ̀yìn tí wọ́n ń gbà sá bí ọdẹ bá dé.

Ìjàpá wa iṣu, kò ní àká. Ọ̀lẹ ni. Ihò Òkété wù ú. Ó rò ó pé bí ẹrù òun bá ń kún ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, onílé á kó jáde fúnra rẹ̀. Ó lọ bá a nínú òjò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n gbé apẹ̀rẹ̀ iṣu kan sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn. Fún ìgbà díẹ̀ ni."

"Ọkọ Yánníbo, ìgbà díẹ̀ tìrẹ yìí, títí dìgbà wo ni?"

"Títí òjò á fi dá ni."

Àánú ṣe Òkété. Ẹ bá mi gbè é:

Òkété abiyamọ o,
*Ìgbà díẹ̀ ni!*
Bá mi tọ́jú iṣu mi,
*Ìgbà díẹ̀ ni!*
Òjò á dá, n ó kó o,
*Ìgbà díẹ̀ ni!*

Òjò dá. Ìjàpá kò kó iṣu, apẹ̀rẹ̀ méjì ló tún gbé wá. Òkété bi í. Ìjàpá ní ìgbà díẹ̀ kò tíì pé, kí ọyẹ́ kọ́kọ́ dé ná. Ọyẹ́ dé. Ìjàpá ká ẹní rẹ̀ wá, ó ní òtútù ń mú òun, fún ìgbà díẹ̀ náà ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yìí, ṣé irú àlejò bẹ́ẹ̀ kò sí nílé yín? Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Òkété ní, "Ìjàpá, àkókò tí àwọn ọdẹ ń fín eku ti dé. Kó iṣu rẹ kúrò lọ́nà àwọn ọmọ mi lónìí."

"Ó di ọ̀la, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sùn díẹ̀ ná."

Ọjọ́ náà gan-an ni àwọn ọdẹ dé. Wọ́n fi koríko gbígbẹ dí ẹnu ọ̀nà iwájú, wọ́n ṣáná sí i. Èéfín wọlé. Òkété da àwọn ọmọ rẹ̀ síwájú, wọ́n sáré dé ẹ̀yìn. Iṣu ni wọ́n bá níbẹ̀. Ìjàpá náà sáré débẹ̀, ó ń forí gbá iṣu ara rẹ̀. Òkété fi eyín gé iṣu, ó fi èékánná gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, títí àyè fi gbà á pẹ̀lú ọmọ kan. Ó gbé èyí tó sún mọ́ ọn jáde. Nígbà tó fi padà, àwọn mẹ́ta yòókù ti kú.

Igbá ẹ̀yìn tí Ìjàpá kó orí pamọ́ sí ló kó o yọ, ṣùgbọ́n èéfín sọ ọ́ di dúdú. Ó lọ bá Ehoro, ó lọ bá Ọ̀yà. "Fún ìgbà díẹ̀ ni." Wọ́n bi í pé ọmọ mẹ́ta Òkété dà, wọ́n sì lé e. Ìdí nìyẹn tí ìjàpá kò fi ní ihò dòní. Abẹ́ ewé gbígbẹ ló ń sùn, ibẹ̀ sì ni iná ìgbẹ́ ti ń bá a.

Òkété gbẹ́ ihò mìíràn. Ó fi yẹ̀pẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, kò sì fi han ẹnikẹ́ni mọ́ títí dòní. Ọmọ kan tó kù ń bi í pé, "Ìyá mi, ìgbà wo ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀?"

Òkété kò lè sọ fún un pé láìpẹ́ ni.

Ibẹ̀ ni mo gbé àlọ́ mi kalẹ̀ sí. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, ẹ̀yìn ihò òkété kò jìnnà, kó lọ wò ó.