Ibi Iṣẹ́ Ọdẹ́yẹmí Agbẹ́kànga
Ọ̀gá Ṣówùnmí ló ń fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ níwèé àṣẹ ní ìjọba ìbílẹ̀ wa, kò sì sẹ́ni tí kì í bẹ̀rù rẹ̀. Ó bá Ọdẹ́yẹmí agbẹ́kànga lẹ́nu iṣẹ́, ó ní bó tilẹ̀ ń san owó orí déédéé, bí kò bá fi ṣọ́ọ̀bù han òun lọ́jọ́ náà, kò ní í ríwèé àṣẹ gbà, òun á sì gbẹ́sẹ̀ lé dígà rẹ̀. Ọdẹ́yẹmí dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ka ìlà tó kẹ́yìn nínú fọ́ọ̀mù yín fún mi." Ọ̀gá kà á sókè: "Olùyẹ̀wò kò gbọ́dọ̀ du ẹnikẹ́ni níwèé àṣẹ láìfẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ibi iṣẹ́ onítọ̀hún." Ọdẹ́yẹmí bá na okùn sí i. "Inú kànga yìí ni ibi iṣẹ́ mi, sà. Ẹ máa sọ̀ kalẹ̀, mo di okùn mú dáadáa." Ọ̀gá yọjú wo inú kànga, kò rí ìsàlẹ̀. Ó fà sẹ́yìn, ó yọ bírò, ó sì kọ ọ́ síbi àdírẹ́ẹ̀sì ṣọ́ọ̀bù pé: "Ibikíbi tó bá ti ń gbẹ́lẹ̀." Ìwé àṣẹ tó fún un yẹn ni gbogbo bíríkìlà àti kápẹ́ńtà ìlú wa tí kò ní ṣọ́ọ̀bù tọ́ka sí, tí wọ́n fi gba tiwọn.