Ìdí Tí Orí Ẹtù Fi Pá

Nígbà láéláé, nígbà tí ìyẹ́ ṣì bo orí ẹtù dáadáa, àgbẹ̀ kan rí ẹyin ẹtù kan he nínú igbó. Ó gbé e sábẹ́ Àgbébọ̀, adìyẹ rẹ̀ tó ń sàba lọ́wọ́. Nígbà tí ẹyin pa, Àgbébọ̀ kó ọmọ jáde: ọmọ adìyẹ méje, ọmọ ẹtù kan. Kò yà wọ́n sọ́tọ̀ rárá.

Òfin kan ṣoṣo ló fún wọn: kí ẹnikẹ́ni má kọjá ọgbà kókò, nítorí Àwòdì ń rábàbà lókè.

Ìyá yìí kì í lu ọmọ. Bí ọmọ bá ṣẹ̀, á rọra fi ẹnu sọ ọ́ lórí lẹ́ẹ̀kan, kọ́! Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Ọmọ adìyẹ á dorí kodò, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá," ọ̀rọ̀ á sì parí.

Lọ́jọ́ kan, Ẹtù kọjá ọgbà. Ìyá pè é padà, ó sọ ọ́ lórí, kọ́! Ìyẹ́ kan já. Ẹ wá wo nǹkan! Ńṣe ni ara Ẹtù yá gágá.

"Ṣé ẹ rí i?" ló wí fún àwọn yòókù. "Ìyá ń bá mi ṣeré!"

Ó tún sá kọjá ọgbà. Kọ́! Ìyẹ́ mìíràn já.

Ọ̀rọ̀ náà rú Àgbébọ̀ lójú. "Irú ọmọ wo lèyí? Mo bá a wí, ó ń rẹ́rìn-ín!"

Ó rú Ẹtù náà lójú. Kí ló dé tí àwọn ọmọ adìyẹ ń dorí kodò nídìí eré tó dùn tó báyìí? Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, orí rẹ̀ ti ń dán bí èkùrọ́.

Ọjọ́ tó tún kọjá ọgbà, Àwòdì já wálẹ̀ lójijì. Àgbébọ̀ fò mọ́ ọn. Wọ́n jà títí ìyẹ́ fi fọ́n ká. Nígbà tí Àwòdì lọ, ọ̀kan nínú apá Ìyá ń ṣẹ̀jẹ̀, ó ń wọ́ nílẹ̀.

Ẹ̀rù ba Ẹtù. Ó na orí sí i. "Ìyá, ẹ ò ní sọ mí lórí mọ́ ni?"

"Ọmọ mi, ìbáwí ni."

"Ìbáwí? Kò ta mí rárá!"

"Mi ò fẹ́ kó ta ọ́. Kí o má lọ mọ́ ni mo fẹ́."

Ojú ti Ẹtù. Ó sunkún wọ abẹ́ apá tó kù, òun àti àwọn méje. Wọ́n há mọ́ra, ṣùgbọ́n ó gbà wọ́n.

Láti ọjọ́ náà ni orí ẹtù ti pá tí ìyẹ́ kò hù níbẹ̀ mọ́. Ó dàgbà tán, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ síbẹ̀. Bí ewé lásán bá já lé e lórí, á figbe ta: "Èwo nìyí? Èwo nìyí? Eré ni àbí ìbáwí?"

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó dá a lóhùn, á ti sá padà sínú ọgbà.