Àpá Ilẹ̀kùn Ìjàpá

Ojú àpá kì í jọ ojú ara. Àyọ̀ká, obìnrin tó ń jó irin, mọ òwe yìí, kò sì tijú rẹ̀.

Ọkọ̀ ìjàpá tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú ló ń tún ṣe. Bàbá Láníyonu, àbúrò bàbá rẹ̀, ló pa á tì sínú igbó títí ilẹ̀kùn fi dípẹtà. Àyọ̀ká jó irin tuntun mọ́ ọn, ó fi ẹ̀rọ lọ ojú rẹ̀. Nígbà tó fi àtẹ́lẹwọ́ ra á tí kò gún un mọ́, ó pa ẹ̀rọ.

Bàbá Láníyonu pariwo pé, “Ìlà ṣì hàn! Lọ̀ ọ́ sí i! Ṣé káyé máa bi mí pé ta ló jẹ́ kí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi jẹrà ni?”

“Ẹ má bínú sà, tí mo bá tún lọ̀ ọ́, á lu.”

Bàbá Láníyonu já ẹ̀rọ gbà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin bí ẹni ń fi ìbínú lọ ata. Kò pẹ́, irin lu.

Àyọ̀ká gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún ibẹ̀ jó, àpá náà wá nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì lọ̀ ọ́ rárá. Ó kun ọkọ̀, ó fi àpá sílẹ̀ gbangba.

Lọ́jọ́ tí àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́ wa ọkọ̀ wọn yí ìlú ká, èrò ń nàka sí ilẹ̀kùn: “Àpá kí lèyí?”

Àyọ̀ká yọ orí síta lójú fèrèsé ọkọ̀. “Ẹ wò ó dáadáa! Mi ò ní kó jọ ara, mo ní kó di ara mú ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe débẹ̀, kó bi Bàbá Láníyonu, àwọn ló jókòó sẹ́yìn yìí.”