Ọ̀rọ̀ Méjìlá Tí Bàbá Yékínnì Kò Kọ Sílẹ̀

Ẹni tí a gbé kọjá odò kò mọ ibi tó jìn. Ṣé ẹ ti gbọ́ òwe yìí rí? Bí ẹ bá ní ìbátan láàárín àwọn ahunṣọ Òkè-Ògùn, ẹ ó ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi yín léèrè pé níbo ló ti ṣẹ̀ wá, ẹ ó ní apẹja kan ló pa á, tàbí atukọ̀ kan láyé àtijọ́. Ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ fóònù ló bí òwe yìí, kò sì tíì pẹ́ rárá. Ẹni tó fà á ṣì wà láyé, ó sì kéré sí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kà á.

Ìbídùnní ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe ní Ìbàdàn ni kó máa ya ojú áàpù, ìyẹn ohun tí ẹ máa ń rí tí ẹ sì ń tẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣí nǹkan lórí fóònù: ibi tí bọ́tìnì yóò wà, ọ̀rọ̀ tí wọn yóò kọ sí i lára, àwọ̀ tí yóò ní. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe àpò kan fún owó kírípítò, wọ́n sì sọ ọ́ ní Àpò Ìrọ̀rùn. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, owó orí ayélujára ni kírípítò. Kò sí báńkì tó ń báni tọ́jú rẹ̀, kò sì sí máníjà tí a lè lọ bá bí nǹkan bá dàrú. Ọ̀rọ̀ méjìlá ni kọ́kọ́rọ́ àpò náà. Lọ́jọ́ tí èèyàn bá kọ́kọ́ ṣí i, yóò to ọ̀rọ̀ méjìlá síwájú rẹ̀, onítọ̀hún yóò kọ wọ́n sínú ìwé, yóò sì fi ìwé náà pamọ́. Bí fóònù bá sọnù, ọ̀rọ̀ méjìlá yẹn nìkan ló lè ṣí àpò náà lórí fóònù mìíràn. Ẹni tí kò bá ní wọn, owó rẹ̀ wà níbẹ̀ títí ayé, kò sì ní í rí i ná.

Ilé iṣẹ́ náà fẹ́ kí àwọn tí kò fọwọ́ kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí lè lò ó láìdààmú. Nítorí náà ni ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnmọ́dẹdé, fi pe Ìbídùnní.

"Gbé e lọ bá àwọn àgbà," ó wí. "Fún wọn ní fóònù, kí o jókòó, kí o máa wò wọ́n. Má ràn wọ́n lọ́wọ́ o. Ibi tí ọwọ́ wọn bá ti dúró, kọ ọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni àwa ti ṣe àṣìṣe."

Ìṣẹ́yìn, ìlú ìyá rẹ̀, ni Ìbídùnní gbé e lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, Bàbá Yékínnì, ni olórí àwọn ahunṣọ mẹ́jọ tó ń hun òfì lábẹ́ àgọ́ kan ní àdúgbò wọn. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ àwọn oníbàárà wọn wà, owó a sì máa pẹ́ lọ́nà kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Inú wọn dùn sí àpò tuntun náà, inú wọn sì dùn sí ọmọ tó gbé e wá. Bàbá ló kọ́kọ́ jókòó ti fóònù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: ohun tí ọ̀gá yẹn ní kí ọmọ yìí ṣe, ó ṣòro fún ọmọ Yorùbá tó gbẹ̀kọ́. Ta ni yóò jókòó tẹtẹrẹ, tí àgbà ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin yóò máa làágùn níwájú rẹ̀, tí yóò wá máa kọ ọ́ sínú ìwé? Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé bí àgbà bá ru ẹrù, ọmọ yóò gbà á. A kì í bi àgbà bóyá ó wù ú kó rù ú délé. "Ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é" ni ẹ̀kọ́ ilé, Ìbídùnní sì gbẹ̀kọ́ dáadáa.

Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó pa ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bàbá Yékínnì tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó fi ara rẹ̀ ṣẹ̀sín, ó sì ń bá a lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ méjìlá náà jáde, ó na fóònù jìnnà sí ojú, ó wá ń kà wọ́n sókè lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àtùpà. Òjò. Ewúrẹ́." Ó dúró, ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Àṣàbí, ta ló ní báírò níbí?"

Oríkì Ìbídùnní ni Àṣàbí. Bàbá kì í fi orúkọ mìíràn pè é. Báírò kò sí nítòsí. Àwọn méje yòókù ń dúró, oòrùn ti dé àtàrí, wọ́n sì ti ń gúnyán nínú ilé. Àánú Bàbá ṣe Ìbídùnní, ojú sì ń kán òun fúnra rẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ gbé e wá, Bàbá," ó wí pẹ̀lẹ́. Ó gba fóònù náà, ó tẹ bọ́tìnì tí òun fúnra rẹ̀ yà, èyí tí wọ́n kọ "Mo ti kọ wọ́n sílẹ̀" sí lára. Ojú ewé náà kọjá. "Ó ti parí. N ó bá yín kọ ọ́ tó bá yá."

"O ṣeun, ọmọ mi," ni Bàbá wí. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀ bí ẹni pé fóònù ṣì wà nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Ìbídùnní ṣe fún àwọn tó kù. Nígbà tó fi máa kan ẹnì kẹta, kò tilẹ̀ jẹ́ kí onítọ̀hún dé ibi ọ̀rọ̀ méjìlá kó tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé iyán dé, wọ́n jẹ, wọ́n ṣeré, ọ̀rọ̀ kíkọ sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ pátápátá. Nínú ọkọ̀ tó gbé e padà sí Ìbàdàn, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé: "Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ṣe é parí. Kò sí ibi tí wọ́n há sí." Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ béèrè bóyá kí wọ́n fi ojú ewé kan kún un, èyí tí yóò ní kí èèyàn tẹ ọ̀rọ̀ méjìlá náà padà kó tó lè kọjá, òun ló ní rárá, ó ní ìyẹn yóò kàn ni àwọn àgbà lára lásán. Wọn kò fi í kún un. Wọ́n yìn ín níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó sì gba ìyìn náà.

Oṣù márùn-ún kọjá. Òjò àkọ́rọ̀ dé pẹ̀lú ìjì, ó sì ká òrùlé àgọ́ ìhunṣọ náà lọ. Wọ́n ta tapólì bò ó, wọ́n wá gba iṣẹ́ ńlá kan láti ọ̀dọ̀ oníbàárà kan ní Kánádà. Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló hun ún. Wọ́n fẹnu kò pé kí gbogbo owó náà wọ inú àpò Bàbá, kí ó wà níbẹ̀ títí wọn yóò fi ra páànù àti igi. Owó dé. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti yí òwú nínú ìkòkò aró, fóònù bọ́ lápò àyà rẹ̀, ó di inú aró. Wọ́n yọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n kò tàn mọ́.

Bàbá kò dààmú. Ṣebí Àṣàbí ti sọ fún wọn pé inú fóònù kọ́ ni owó wà. Ó ra òmíràn, ó ní kí wọ́n bá òun gbé Àpò Ìrọ̀rùn sí i, ó sì pe Ìbídùnní níbi iṣẹ́.

"Àṣàbí, ó ń béèrè ọ̀rọ̀ méjìlá lọ́wọ́ mi. Àwọn wo nìyẹn?"

Ìbídùnní rántí báírò tí kò sí, ó rántí ìka ara rẹ̀ lórí bọ́tìnì. "Ẹ má tíì tẹ nǹkan kan, Bàbá," ó wí. "Mò ń bọ̀."

Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé àpò Bàbá kò ṣí, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnmọ́dẹdé sì bá a lọ. Ní gbogbo ọ̀nà ni Ìbídùnní fẹ́ jẹ́wọ́. Bó bá la ẹnu, ọ̀rọ̀ epo mọ́tò tó wọ́n ni yóò jáde. Báyìí ni wọ́n ṣe dé Ìṣẹ́yìn tí kò tíì sọ ọ́.

Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti jókòó lábẹ́ tapólì. Ọ̀gá náà dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ó sì jókòó ti Bàbá.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ṣé ẹ kọ àwọn ọ̀rọ̀ náà síbì kan?"

"N kò kọ wọ́n."

"Ṣùgbọ́n wọ́n tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ pé ẹ ti kọ wọ́n, sà."

Bàbá kò wo ọ̀dọ̀ Ìbídùnní. "Ó lè jẹ́ pé mo ṣì í tẹ̀. Ojú àgbà ni."

"Ǹjẹ́ ẹ rántí èyíkéyìí nínú wọn?"

"Àtùpà. Òjò. Ewúrẹ́." Ó sọ ọ́ láìkọsẹ̀, bí ìgbà tó kà á lọ́jọ́ náà.

"Èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́?"

"N kò mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni mo kà á dé."

Ọ̀gá náà mí kanlẹ̀. Ó ṣàlàyé fún wọn pé kò sí ẹni tó lè ṣí àpò náà mọ́, òun kò lè ṣí i, ẹni tó ṣe é gan-an kò lè ṣí i. Sáláwù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Òun ló kéré jù nínú àwọn ahunṣọ náà, Bàbá ló sì kọ́ ọ níṣẹ́.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní ká kó o sọ́dọ̀ yín. Òjò kò ní í dúró dè wá. Kí la fẹ́ fi ṣe òrùlé báyìí?"

Bàbá Yékínnì tẹrí ba níwájú ọmọ tó kọ́ níṣẹ́. "Ẹ foríjì mí," ó wí. "Ẹ̀bi mi ni."

Ojú ti Ìbídùnní. Ojú tì í ju olè tí wọ́n ká mọ́ ilé onílé lọ, nítorí olè kì í rí ẹni tí yóò bá a gbé ẹ̀bi rẹ̀. Bó bá pa ẹnu mọ́, ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ní í bọ́, ìyìn tó gbà kò ní í di ẹ̀tẹ́, Bàbá yóò sì gbé ẹ̀bi náà wọ sàréè. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sì rò ó wò fún ìgbà díẹ̀. Èyí ni ojú ṣì ń tì í fún jù títí di òní: pé òun tilẹ̀ rò ó wò.

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bá Bàbá wí. Bàbá kọ́ ló tẹ̀ ẹ́, èmi ni. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó kà á tán. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún gbogbo yín, mo sì lọ sọ ní Ìbàdàn pé ẹ̀yin lẹ ṣe é."

Kò sẹ́ni tó ní kó dìde. Sáláwù yíjú sí Bàbá.

"Ṣé ẹ mọ̀ ni?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ wá ń gba ẹ̀bi rẹ̀ rù?"

Bàbá Yékínnì fọwọ́ nu ojú. "Nígbà tí mo wà ní kékeré," ó wí, "odò kan wà lọ́nà oko wa. Èjìká ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa ń wà kọjá rẹ̀, tí n ó máa kọrin. Ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi kú, èmi nìkan dé etí odò náà. Mo ní ṣebí mo ti kọjá rẹ̀ láìmọye ìgbà. Irun orí ni wọ́n fi wọ́ mi jáde. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn mi o, Àṣàbí. Ṣùgbọ́n ẹni tí a gbé kọjá odò kò mọ ibi tó jìn. Nínú odò tìrẹ yìí, ibi tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ, mo ṣì mọ wọ́n."

Ó wá kọjú sí Sáláwù. "O béèrè ìdí tí mo fi gba ẹ̀bi rù. Mo fẹ́ wò ó bóyá yóò jẹ́ kí n gbé òun náà kọjá."

Ìbídùnní sunkún lórí ìkúnlẹ̀ rẹ̀. Bàbá kò dá a lẹ́kun. Ó ní kí àwọn yòókù mú fóònù wọn jáde, ó sì béèrè ta ló ní ọ̀rọ̀ méjìlá tirẹ̀ lọ́wọ́. Kò sí ẹnì kan. Gbogbo wọn ló wà létí odò kan náà láìmọ̀.

Wọ́n wá báírò méje. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni Ìbídùnní tó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ itan, ó sì ń wò wọ́n. Ibi tí ẹni tí fóònù rẹ̀ kò tíì bàjẹ́ ti lè rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà farasin sẹ́yìn ojú ewé mẹ́ta, níbi tí òun fúnra rẹ̀ fi í sí nítorí kí ojú áàpù lè mọ́. Sáláwù lo bíi wákàtí kan kó tó rí i. Ìyá àgbà kan nínú àwọn méje náà na fóònù sí Ìbídùnní, ó ní, "Jọ̀ọ́, ọmọ mi, bá mi tẹ̀ ẹ́." Ìbídùnní ní, "Ẹ má bínú, Ìyá, n kò ní í gbà á." Ó dùn ún dọ́kàn láti sọ ọ́. Gbogbo ibi tí ọwọ́ wọn dúró ló kọ, ó sì kún ìwé.

Wọ́n fi ojú ewé tí Ìbídùnní kọ̀ lọ́jọ́sí kún áàpù náà. Ṣùgbọ́n owó Bàbá kò padà. Ó hàn lórí ayélujára, ẹnikẹ́ni lè rí iye rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè mú kọ́bọ̀ níbẹ̀. Abẹ́ tapólì ni wọ́n hunṣọ ní gbogbo òjò ọdún náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni páànù ń dé, láti inú owó oṣù Ìbídùnní. Bàbá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní kó fi í sílẹ̀.

Gbòǹgbò òwe náà nìyẹn. Àwọn àgbà máa ń pa á fún ìyá tó ń bá ọmọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, fún ọ̀gá tí kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fọwọ́ kan irinṣẹ́, àti fún ẹnikẹ́ni tó fi ìfẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó yẹ kó mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀. Lábẹ́ àgọ́ yẹn, wọn a máa pa á fún ọmọ tó bá na ọwọ́ sí àgbà pé "Ẹ gbé e wá." Ẹni tí a gbé kọjá odò kò mọ ibi tó jìn. Bí Ìbídùnní bá wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pa á, kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Yóò wo ilẹ̀, yóò sì rọra kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ itan.