Ìdí Tí Díìṣì Kì í Fi Í Dáhùn Bí Òjò Bá Ń Rọ̀

Nígbà láéláé, kí Díìṣì, àwo ńlá tí ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì láti ojú sánmà, tó dèrò orí òrùlé, inú ọ́fíìsì ló ń gbé, lórí tábìlì, láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ má bi mí pé ọdún wo ni. À ń pa ìtàn fún yín, ẹ̀ ń béèrè ọdún.

Ọ́fíìsì kékeré ni, ti Màdáámú Ọládojà ní Ìgbòho. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú Rúútà, àpótí pẹlẹbẹ tí iná wẹ́wẹ́ ń tàn lára rẹ̀. Gbogbo wọn ló ń fẹ́ ọ̀rọ̀ tí ń ti ojú sánmà wá, ṣùgbọ́n òrùlé ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Màdáámú ní, "Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gòkè lọ dúró."

Àwọn Kọ̀ǹpútà ń wojú ara wọn. Oòrùn mú lókè. Díìṣì ló dáhùn pé, "Èmi á lọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín: ẹ máa kí mi. Èèyàn kì í wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ará ilé má kí i."

Wọ́n ní, "Kí ló tún ṣòro níbẹ̀?"

Díìṣì gòkè. Ó ń gba ọ̀rọ̀, wáyà ń gbé e wálẹ̀, Rúútà sì ń pín in fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láràárọ̀ ni wọ́n ń wí pé, "Rúútà, o kú iṣẹ́ o." Ọwọ́ Rúútà ni wọ́n ti ń gbà á, Rúútà ni wọ́n ń kí. Ohun tí ń gba inú wáyà gòkè kò ju "Mú wá, yára" lọ.

Àárò wọn sọ Díìṣì gan-an. Lọ́jọ́ kan, ó yí ojú padà, ó ń yọjú wo fèrèsé, bóyá yóò tiẹ̀ rí ẹnì kan. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe já nìyẹn.

Màdáámú gun àkàbà lọ bá a, tòun ti sípánà. "Kí lò ń wò nísàlẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni mò ń wò, mà."

"Ojú sánmà ni kó o máa wò." Ó fi bóòtù mẹ́rin dè é pinpin, ó sọ̀ kalẹ̀. Òun náà ò kí i.

Díìṣì sunkún. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òjò ńlá dé. Bí Òjò ti fẹsẹ̀ kan òrùlé, ó ní, "Ẹ kú ìdúró o. Ẹ kú oòrùn."

Díìṣì ò tíì gbọ́ irú ẹ̀ látọjọ́ tó ti gòkè. Ó dá Òjò lóhùn. Òjò béèrè àlàáfíà rẹ̀, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀. Nísàlẹ̀, àwọn Kọ̀ǹpútà ń wí pé, "Mú wá, yára." Kò dá wọn lóhùn.

Láti ọjọ́ náà ni Díìṣì ti kọjú sókè, tó kẹ̀yìn sí ilé, tí òjò ńlá bá sì ti bẹ̀rẹ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì á lọ. Àwọn ará ọ́fíìsì á ní nǹkan ti bàjẹ́. Nǹkan kan ò bàjẹ́. Ẹni tí ń kí i ló dé.